Ta Ni Ó Ni Iwájú Ilé? Àsọyé Lórí Ìwé Àṣẹ Ìgbọ́kọ̀sí ní Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí a kéde orí ọ̀rọ̀ àsọyé yìí, mo gbọ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, kí ni ó kan àlùfáà kan mọ́tò tí a gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà? Èmi kò bá wọn wíjọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó kọjá, ìjà tí a pè mí láti parí láàárín aládùúgbò àti aládùúgbò nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí pọ̀ ju èyí tí a pè mí sí nítorí ogún lọ, ẹ sì mọ̀ bí ìjà ogún ti pọ̀ tó láàárín wa.

Ọ̀rọ̀ náà ni èyí. Kánsù kọ ìwé kan, ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tí ó wà ní òpópó kan, ó wí pé: Àwa ń rò ó láti sọ òpópó yín di ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò sí láti wákàtí báyìí títí di wákàtí báyìí, àfi ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ, kí ni ẹ̀yin wí sí i? Ìwé náà a gba ihò ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú ìwé àwọn tí ń ta oúnjẹ àti ti àwọn tí ń wá ilé rà. Nítorí pé kì í ṣe ìwé gbèsè, ọ̀pọ̀ nínú wa a sọ ọ́ sínú àpò ìdọ̀tí láì ṣí i. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, a ó rí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ilẹ̀, tí wọ́n sì ń ri òpó mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà náà ni ariwo yóò tó sọ, ṣùgbọ́n nígbà náà, ó ti pẹ́.

Kí a tó bu ẹnu àtẹ́ lu kánsù, tàbí kí a tó yìn ín, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó ni ibi tí a ń jà lé lórí. Nílé wa, ojúde ilé jẹ́ ti agbo ilé. Níbẹ̀ ni a ń sá èlùbọ́ sí, níbẹ̀ ni àwọn àgbà ń ta ayò, níbẹ̀ ni a ń pa àgọ́ sí nígbà ìnáwó. Bí àlejò bá sì fẹ́ so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ kí baálé. Èrò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbé wá sí ìlú yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá tí kò ní ojúde sì ń rò bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹlòmíràn fi ń gbé ike ìdọ̀tí tàbí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ sí ojú pópó láti fi ààyè pa mọ́ de ara rẹ̀. Òfin kò mọ irú ojúde bẹ́ẹ̀. Ojú pópó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láti máa gbà kọjá, àti níbi tí kò bá sí ètò ìwé àṣẹ, ẹni tí ń gbé ní nọ́ḿbà 14 kò ní ẹ̀tọ́ sí iwájú nọ́ḿbà 14 ju ẹni tí ó ti Ìbàdàn dé lánàá lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Púpọ̀ nínú àwọn ilé alásopọ̀ tí a ń gbé ni a kọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí kò tíì sí mọ́tò ní ìgboro. Fífẹ̀ iwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tó mítà 5. Gígùn mọ́tò kan ṣáá súnmọ́ mítà 4 àti ààbọ̀, a kò sì lè tò wọ́n mọ́ra wọn bí ẹni to iṣu sínú abà. Ilé kan, mọ́tò kan: ohun tí ilẹ̀ gbà nìyẹn, kí a tó yọ igun òpópó kúrò, kí a tó yọ ẹnu ọ̀nà àgbàlá àti ibi tí ọkọ̀ panápaná gbọdọ̀ lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n a ti gé ilé kan náà sí fúláàtì mẹ́ta nísinsìnyí, fúláàtì kọ̀ọ̀kan sì lè ní mọ́tò kan tàbí méjì. Kò sí kánsù tí ó lè fi ìwé àṣẹ na ilẹ̀ gùn. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó pinnu ẹni tí a ó kọ́kọ́ fún.

Ìpín yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1958 ni a ri àwọn ẹ̀rọ agbowó àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà ní Mayfair, ní apá Westminster. Òfin ojú pópó ti ọdún 1984 ni àwọn kánsù ń lò títí di òní láti dá ìwé àṣẹ sílẹ̀. Òfin mìíràn, ti ọdún 1991, sì la ọ̀nà tí a fi gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìtanràn ìgbọ́kọ̀sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a fi í lé àwọn kánsù lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ìwé àṣẹ jẹ́. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ẹni tí ó ra á kò ra ààyè kan pàtó. Ó ra àǹfààní láti máa wá ààyè láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ nìkan, láì sí àjèjì nínú wọn. Bí àwọn aládùúgbò bá ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, yóò máa wá a síbẹ̀síbẹ̀, pẹ̀lú owó tí ó ti san. Iye owó náà yàtọ̀ láti kánsù dé kánsù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ni ó ń san jù, mọ́tò kejì nínú ilé kan náà sì ń san ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àlejò pẹ̀lú ní tirẹ̀, tí onílé ní láti rà sílẹ̀ dè é. Níti wákàtí, òpópó mìíràn wà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ wákàtí méjì péré ní ọ̀sán. Wákàtí méjì yìí ní ọgbọ́n nínú ju bí a ti rò lọ, nítorí ẹni tí ó fẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀ láti òwúrọ̀ kí ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi iṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àlejò tí ó wá kí ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kò ní san kọ́bọ̀.

Ní òpópó tí èmi ń gbé, nígbà tí irú ìwé yìí dé, mo rìn láti ilé dé ilé, mo sì tẹ́tí sí ohun tí àwọn ènìyàn wí. Èmi yóò sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Nọ́ọ̀sì kan tí ń ṣiṣẹ́ òru wí pé ìgbà tí òun bá padà dé ní òwúrọ̀ gan-an ni àwọn tí ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ti fi mọ́tò wọn kún òpópó. Òun a máa yí àdúgbò ká pẹ̀lú oorun lójú, nígbà mìíràn òun a sì gbé mọ́tò sí òpópó kẹta kí òun tó fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Ó ní bí a bá ní kí òun san owó kí ìyà yìí lè dópin, òun yóò san án tayọ̀tayọ̀. Bàbá kan tí ń ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń wà kì í ṣe tirẹ̀, ti ọ̀gá rẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá kánsù yóò fún ọkọ̀ tí kò sí ní orúkọ òun ní ìwé àṣẹ, àti pé bí wọn kò bá fún un, níbo ni òun yóò gbé irinṣẹ́ òun sí mọ́jú? Èmi kò mọ èsì tí kánsù wa yóò fún un, mo sì gbà á níyànjú pé kí ó kọ ìbéèrè náà gan-an ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè dáhùn lórí ìwé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù lọ ni ìyá àgbà kan tí kò ní mọ́tò, tí kò sì wa mọ́tò rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Gbogbo òpópó gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Òun pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí kánsù fi ránṣẹ́, a bèèrè iye mọ́tò tí ó wà nínú ilé. Màmá kọ òdo síbẹ̀, ó sì ká ìwé náà padà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ti òdì kejì ìlú wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti se oúnjẹ fún un àti láti bá a di irun. Olùtọ́jú ń wá ní òwúrọ̀, òmíràn ń wá ní alẹ́. Àwọn ará ìjọ ń wá gbé e ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ilé kan ní òpópó náà tí mọ́tò ń dúró níwájú rẹ̀ tó ilé ìyá tí ó kọ òdo. Bí ètò náà bá jẹ́ ti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹni tí owó ifẹ̀yìntì rẹ̀ kéré jù ni yóò máa ra ìwé àlejò jù. Mo wí èyí fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ṣé pé èmi náà ni wọ́n ń bi?” Bẹ́ẹ̀ ni, màmá, ìwọ gan-an ni.

Oníṣòwò tí ó wà ní igun, tí ó ń ta èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti ata, wí pé àwọn oníbàárà òun ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọn kì í sì fi ọwọ́ gbé àpò èlùbọ́ wọ bọ́ọ̀sì. Ilé kan tí ó ní mọ́tò mẹ́ta sọ òkò ọ̀rọ̀ sí kánsù, èyí tí èmi kì yóò tún sọ ní ibi yìí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò rántí òpópó tí ó tẹ̀ lé tiwa, nítorí a kò fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé, nígbà tí a bá ti lé àwọn mọ́tò àjèjì kúrò ní òpópó kan, wọn kì í padà sí ilé. Bí omi inú igbá tí a gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè ni wọ́n ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ará ibẹ̀ yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí bẹ kánsù pé kí a fún àwọn náà ní ìwé àṣẹ, àwọn tí ó sì fi gbogbo ẹnu kọ̀ ọ́ lánàá yóò máa tọrọ rẹ̀ lónìí. Báyìí ni ètò náà ṣe ń gba àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́ ní ilé púpọ̀, èyí tí èmi kò fẹ́ràn: “Wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀, bíbi tí wọ́n ń bi wá, ìṣe ojú ayé ni.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n òfin kò fi àyè gbà á. Láti ọdún 1985, nínú ẹjọ́ kan tí a ṣe lórí ilé ẹ̀kọ́ ní Brent, ni a ti là á sílẹ̀ pé bí ìjọba bá ń bèèrè èrò àwọn ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ bèèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù, kí ó sọ ìdí tí ó tó fún wọn láti fi ronú, kí ó fún wọn ní àkókò, kí ó sì fi tọkàntọkàn gbé èsì wọn yẹ̀ wò kí ó tó pinnu. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ tí ó kan kánsù Haringey.

Níti ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí fúnra rẹ̀, àwọn ará Primrose Hill, ní abẹ́ kánsù Camden, ti fi hàn pé ohùn ará òpópó lè dé ibi gíga. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, ìdájọ́ náà sì wà nínú ìwé ìròyìn ẹjọ́ ti ọdún 1995. Adájọ́ McCullough rí i pé kánsù kò bèèrè èrò wọn bí ó ti yẹ, ó sì wọ́gi lé àṣẹ tí ó dá ètò náà sílẹ̀. Ó tún wí pé òfin 1984 kì í ṣe òfin ìpawó. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí bí ọmọ ńlá. Ní ọdún 2011, kánsù Barnet sọ owó ìwé àṣẹ mọ́tò àkọ́kọ́ di £100 láti orí £40, ó sì sọ ìwé àlejò tí ó jẹ́ £1 di £4. Ọ̀gbẹ́ni David Attfield, tí í ṣe ará Barnet, pe kánsù lẹ́jọ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì dúró tì í. Ní oṣù Keje ọdún 2013, Adájọ́ Lang dá a láre: kánsù kò gbọdọ̀ fi owó lé ìwé àṣẹ nítorí àtirí èrè tí yóò fi ṣe iṣẹ́ ọ̀nà mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́, òfin gba kánsù láàyè láti ná an lórí àwọn ohun kan tí ó dárúkọ, àwọn kánsù kan sì ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ ran káàdì tí àwọn àgbà fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí a kọ̀ ni kí a fi èrè náà ṣe ìdí tí a fi gbé owó lé e.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé, ṣé kò burú láti ya ará òpópó sọ́tọ̀ kúrò lára àjèjì, nígbà tí a ti sọ pé ojú pópó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn? Ìbéèrè náà dára, ó sì ti kọjá òkun. Àwọn ènìyàn wa tí ń gbé lẹ́bàá Washington, ní Amẹ́ríkà, mọ ìlú Arlington ní Virginia. Níbẹ̀, ní àdúgbò Aurora Highlands, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Crystal City ń fi mọ́tò wọn kún iwájú ilé àwọn onílé ní ojoojúmọ́. Ìjọba ibẹ̀ dá ìwé àṣẹ sílẹ̀ fún àwọn onílé, àwọn òṣìṣẹ́ sì pè é lẹ́jọ́ pé a rẹ́ àwọn jẹ. Ilé ẹjọ́ gíga ti Virginia gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1977, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ náà padà, ó ní kò sí ohun tí ó lòdì sí òfin bí ìlú bá fẹ́ dín ariwo àti èéfín kù ní àdúgbò tí ènìyàn ń sùn sí. Ní èrò tèmi, ìdájọ́ náà tọ́, bí àwọn ará àdúgbò bá ti bèèrè rẹ̀ nítòótọ́, tí a sì rò nípa olùtọ́jú àti oníṣòwò.

Mo dé ibi tí ó le fún wa wàyí. Nínú púpọ̀ nínú àwọn òpópó wọ̀nyí, ta ni àjèjì tí ń fi mọ́tò dí ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi? Àwa ni. Bí ìdúpẹ́ bá wà, a ti ń gbé mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì, aṣọ ẹbí wa a sì máa kọ mànà ní ojú onílé tí kò lè jáde. Kánsù Westminster fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìgbọ́kọ̀sí ní alẹ́ àti ní ọjọ́ Ìsinmi ní ọdún 2011; àwọn onílé oúnjẹ, àwọn ilé ìṣeré àti àwọn ìjọ lòdì sí i, kánsù náà sì pa ètò náà tì ní oṣù Kínní ọdún 2012. Àwọn kan nínú wa ń fi èyí yangàn. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn Westminster yàtọ̀ sí òpópó tí àwọn ọmọ kéékèèké ń gbé. Lẹ́tà tí ó bá wí pé, “Ìjọ ni wá, ẹ fi wá sílẹ̀,” kò ní ìdí kan nínú. Kí a kọ iye mọ́tò tí ń wá, wákàtí tí wọ́n ń wá, àti ohun tí àwa fúnra wa yóò ṣe: bóyá kí a yá àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ kan lò ní ọjọ́ Ìsinmi, bóyá kí àwọn tí kò ní ọmọ lọ́wọ́ máa wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú ni a ń bi léèrè, wọn yóò sì kọ èsì tiwọn nípa wa.

Níti bí a ti ń dáhùn, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó wọlé jẹ́ ìbéèrè èrò lásán, kì í sì í ṣe ìbò. Kánsù lè tẹ̀ síwájú bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ kọ̀, bí ó bá ní ìdí. Nítorí náà, ìdí ni kí ẹ kọ, kí ẹ má ṣe kọ ìbínú. Bí ẹ bá gbà fún ètò ṣùgbọ́n tí wákàtí rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ sọ wákàtí tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìkéde ti òfin ń bọ̀, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ òpó iná ní òpópó, tí a sì ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ 21 ni ẹ ní láti kọ ìwé àtakò, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń tako. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ ìdánwò, èyí tí kò gbọdọ̀ ju oṣù 18 lọ, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni a fi sílẹ̀ fún àtakò. Bí a bá sì ti fi ìdí àṣẹ múlẹ̀ pátápátá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ọ̀nà ilé ẹjọ́ fi ṣí sílẹ̀. Kò ní láti jẹ́ ẹni tí ó ni ilé kí ó tó sọ̀rọ̀. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ nínú wa, ohùn ayálégbé sì tó ohùn onílé.

Akọ̀wé ìjọ àti àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ó mọ̀wé yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, láti aago méje. Ẹni tí ó bá ní irú ìwé yìí nílé, tí ọjọ́ tí a kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì kọjá, kí ó mú un wá, ìbáà ṣe pé ó ti ká a padà, ìbáà ṣe pé ó ti kọ òdo sí i. Bí ó bá ṣòro láti kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá, a ó bá a kọ ọ́.